Ọjọ́ Tí Ìlárá Dá Ìwé Lóhùn

Etí ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí gbogbo ènìyàn yọ.

Ọ̀gá Dosù gbé agbọ̀n ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́, ó dúró tì í bí ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni awọ̀nwé, ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n wọn ìwé wò, tí Ìgbìmọ̀ Èdè rán wá láti Àjàṣẹ́. Ọmọ Ègùn ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sì ti kọ́ Yorùbá tó ń sọ.

"Ẹ yọ Etí-Kejì yín, ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí. "Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá wọlé, òṣùwọ̀n á mọ̀, á sì pa ara rẹ̀ dé. Kò mọ ẹ̀bẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́, tí wọ́n ń jù ú sínú agbọ̀n. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké náà kò sinmi. Wọ́n ń kùn, wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara wọn fún ara wọn, nítorí kò sí etí ènìyàn tí wọn yóò sọ ọ́ sí mọ́. Ọmọbìnrin kan láti Kétu, Ṣàntáàlì lorúkọ rẹ̀, yọ tirẹ̀ tán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Yéè! Ṣé báyìí ni ohùn ènìyàn ṣe máa ń le tó ni?"

Yorùbá ni ìyá rẹ̀ ń bá a sọ nílé láti kékeré, àmọ́ Etí-Kejì ló ń gbọ́ ọ fún un, tó ń ṣa òwe kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, kí ó tó fi èyí tó rọ̀ sí i létí. Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ ni mo wá kàwé fún.

Èmi ni Awẹ́ró Ládéjobí, ọmọ Ìmẹ̀kọ. Èmi ni mo kọ ìwé náà. Mo fi ọ̀já so ó mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ara mi kò sì balẹ̀ rárá. Inú mi ń dùn, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sá padà sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn gbé odindi èdè kan dání ní ọ̀sán gangan, irọ́ ló ń pa, àyàfi tó bá jẹ́ Ǹyàmbúrà.

Ǹyàmbúrà ló di apá mi mú. Ọmọ Gìkúyù ni, láti Kẹ́ńyà. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé èdè lọ sójú òṣùwọ̀n káàkiri Áfíríkà, bí agbẹ̀bí ti ń tẹ̀ lé aláboyún. Ó ti kọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi bú mi.

"O ò jẹun láti àárọ̀," ló wí.

"Oúnjẹ ò lè gba ọ̀fun mi kọjá."

"Ó dáa. Bí o bá dákú síbẹ̀, èmi ni n ó ka ìyókù pẹ̀lú ahọ́n mi yìí. Ojú á ti ìran yín títí ayé."

A dé ibi ọ̀pá irin. Ìlú kan ni Ìlárá, ààlà ló là á sí méjì, ìdajì ní Nàìjíríà, ìdajì ní Bẹ̀nẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ìrẹsì ni wọ́n ń tú wò nídìí ọ̀pá yẹn. Lónìí kò sí ẹni tó bìkítà fún ìrẹsì mọ́. Ìwé ni wọ́n ń dá dúró.

Ní òdìkejì, àwọn tó wá gba ìwé ti tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn ará Ìlárá ibẹ̀, àwọn Kétu, àwọn Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn Ifẹ̀ Àtàkpàmé tí wọ́n ti Tógò wá pẹ̀lú ẹrù lórí bí ẹni ń re òde ìyàwó. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan láàárín wọn, nítorí òfin kò gbà á. Ẹni tí èdè pa òun àti òǹkọ̀wé pọ̀, tí ààlà pín wọn níyà, òun nìkan ló lè gba ìwé.

Bàbá Bonifásì, àgbẹ̀ òwú láti Ṣábẹ̀ẹ́, ló kọjú sí Ọ̀gá Dosù. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tún un bi yín. Bí ìwé yìí bá kùnà, ṣé lóòótọ́ ni pé láti òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ò ní dá Yorùbá lóhùn mọ́? Ilé ẹjọ́ ńkọ́?"

"Ilé ẹjọ́ náà, bàbá. Àti ilé ẹ̀kọ́. Ilé Ìsinmi, ibi tí wọ́n ń kó èdè tí wọ́n ti pa tì sí, ni èdè náà ń lọ."

"Pẹ̀lú gbogbo bí a ṣe pọ̀ tó yìí?"

"Òfin kì í ka ẹnu. Èdè tí kò bá bí ìwé tuntun láti ọwọ́ ènìyàn, tí ìwé náà kò sì rí ẹni gbà á ní òdìkejì, òfin ní ó ti yàgàn." Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà dun òun alára. "Ẹ̀ ń sọ ọ́, bàbá, àmọ́ ẹ̀rọ lẹ ní kó máa bá yín kọ ọ́."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́. Èmi nìkan ni mo tíì fi ọwọ́ ara mi kọ odindi ìwé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin náà, ọjọ́ tí gbèdéke sì pé la wà yìí.

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo fo ọ̀pá irin kọjá.

"Ìwé ti sọdá!" ni wọ́n hó. Obìnrin Àtàkpàmé kan gbé mi nílẹ̀, tìwétìwé.

Inú ilé kọ́sítọ́ọ̀mù, ní apá Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, ni òṣùwọ̀n wà. Igbá dígí ńlá ni, ó jókòó lórí ẹsẹ̀ irin, ìlà pupa kan sì yí i ní ìbàdí. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń ṣàn nínú rẹ̀ bí omi, ọ̀kan aláró, ọ̀kan aláwọ̀ wúrà.

"Aró ń gòkè bí ọ̀rọ̀ bá yé àwọn tó ń gbọ́," ni Ọ̀gá Dosù ṣàlàyé fún gbogbo ilé. "Wúrà ń gòkè bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tuntun, tí kò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí àwọn méjèèjì bá wà lókè ìlà pupa nígbà tí oòrùn bá kúrò lójú fèrèsé yẹn, èdè yín yè. Bí wúrà bá kan ìsàlẹ̀, igbá á pa ara rẹ̀ dé lẹ́sẹ̀ kan náà. Ohun tí igbá bá sì gbọ́ lónìí, òun ni gbogbo ẹ̀rọ yóò kọ́, òun ni wọn yóò máa fi bá yín sọ̀rọ̀. Ewé ìwé tí kò bá gbọ́ kò ní wọ inú ẹ̀rọ kankan láéláé."

Ǹyàmbúrà bọ́ síwájú wọn. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ ṣáà máa gbọ́. Ẹ má fọhùn."

"A ti gbọ́!" ni gbogbo wọn fọhùn.

Ìyá Fádáìrò, tó dàgbà jù láàárín àwọn Kétu, tún fi kún un pé, "Ọmọ mi, ṣé ọmọdé ni wá ni? A ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu."

Mo tú ọ̀já. Mo ṣí ìwé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn Àńkẹ́, ọmọbìnrin tó jí lọ́jọ́ kan tó rí i pé odò ìlú òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ó bu gbogbo odò tó kù sínú akèrègbè, ó rù ú, ó ń wá ìlú tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò ó! Aró gòkè bíi pé ẹnìkan ń tì í nísàlẹ̀. Wúrà tẹ̀ lé e. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi kọjá ìlà pupa. Ṣàntáàlì ti gbàgbé pé etí ń dun òun, ó la ẹnu sílẹ̀. Bàbá Bonifásì fi àgbọ̀n lé ọ̀pá. Nígbà tí odò inú akèrègbè bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àńkẹ́ jà pé àdúgbò rẹ̀ há jù, mo rí èjìká àwọn ènìyàn tó ń gbọ̀n fún ẹ̀rín tí wọ́n gbé mì. Mo ní nínú ara mi pé, ó ti tán, a ti yege.

Mo wá dé ibi tí ìyá Àńkẹ́ ti ń sìn ín sọ́nà. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́. "Ìyá rẹ̀ ní, 'Àńkẹ́, bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú—'"

"À á fi tọmọ jẹ́ ẹ!"

Gbogbo ilé ni! Igi àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Wúrà já wálẹ̀ wìì bí korobá tí okùn já mọ́ lára.

Wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Fádáìrò fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ forí jì wá. Ó bọ́ ni."

Mo tún ń kà á lọ. Wúrà ń rápálá padà bọ̀. Mo fẹ́ fo gbogbo òwe tó kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé náà so kọ́ra, èyí tí mo bá fò á fa méjì dání. Nígbà tí Àńkẹ́ dé ìlú kìíní, tí àwọn àgbà ibẹ̀ kò lè ti ọwọ́ bọ akèrègbè láti tọ́ odò náà wò, olórí ìlú sọ pé, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ—"

Mo rí wọn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo rí bí wọ́n ṣe ń jà. Bàbá Bonifásì fi eyín mú ètè. Obìnrin Àtàkpàmé yẹn fa ìborùn bo ojú. Ìyá Fádáìrò mi síwá, ó mi sẹ́yìn, ó sì bú jáde.

"Tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè!"

Ìyókù gbè é lẹ́sẹ̀. Wúrà já dé ibi tó jẹ́ pé ìka kan péré ló kù kó kan ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá Dosù na ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró. Màdámù òǹkọ̀wé, ẹ dúró." Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ǹyàmbúrà tẹ̀ lé wa. "Òṣùwọ̀n rò pé ẹ ti kọ́ wọn ní ìwé náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu wọn kí ó tó jáde lẹ́nu yín."

"Òwe ni, ọ̀gá! Ta ló ń gbọ́ ìdajì òwe kó dákẹ́? Ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n kí tí kò jẹ́."

"Èmi mọ̀. Ìyá ìyàwó mi ò ní dákẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n igbá yẹn kò mọ̀." Ó fi ojú tọ́ka sí ibì kan nílẹ̀, níbi tí ìlà tín-ín-rín kan gbé la yàrá sí méjì. "Dígí wà. Òfin gbà á. Bí mo bá gbé e sókè, wọn yóò máa gbọ́ yín, ohùn tiwọn kò ní dé ọ̀dọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ ó ka ìwé yín tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ó yege."

"Gbà á," ni Ǹyàmbúrà wí kíákíá. "Àwa náà lo dígí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "A yè. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ èdè wa lónìí, bí oníwàásù ló ṣe ń sọ ọ́. Kì í dúró. Ìyá mi àgbà ti bínú pa á." Ó di èjìká mi mú. "Ó sàn ju ikú lọ, Awẹ́ró. Gbà á."

N kò ní tan yín. Mo fẹ́ gbà á, kì í sì í ṣe nítorí Yorùbá nìkan. Nítorí orí tó kẹ́yìn ni. Màmá mi ni mo kọ síbẹ̀. Mo fi wọ́n ṣe arúgbó tí Àńkẹ́ bá pàdé ní òpin ìrìn-àjò, mo sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn síbẹ̀. Òwe ni Màmá mi fi ń sọ̀rọ̀, òwe ni wọ́n fi ń bú ewúrẹ́. Bí mo bá ka orí yẹn lójú àwọn ènìyàn wọ̀nyí láìsí dígí, wọn yóò dáhùn gbogbo rẹ̀, wúrà yóò sì kan ìsàlẹ̀ kí n tó mí kanlẹ̀. Pẹ̀lú dígí, ohùn Màmá mi yóò wọ inú gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyé. Wọn yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí èmi alára bá ti kú. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́ ìyẹn?

"Ẹ gbé e sókè," mo wí.

Dígí dìde láti inú ilẹ̀ láìpariwo, ó kan àjà. Àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ojú wọn tó là kedere, àfi bíi pé wọ́n wà nínú ìgò. Mo padà sídìí ìwé. Mo ń kà, wúrà ń gòkè, kò sí ìdíwọ́ kankan. Mo ka ìlú kejì. Mo ka ibi tí olè kan ti fẹ́ jí akèrègbè gbé. Mo ka òwe kan, n kò gbọ́ nǹkan kan. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo wá gbé ojú sókè.

Ẹnu Ìyá Fádáìrò ń mì. Ó ń dá mi lóhùn. Ó ti bọ́ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan dígí, ó ń sọ ìdajì tó kù fún mi, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fún ènìyàn ní nǹkan tó ń retí kí ó gbà á.

Mo mọ ojú yẹn. Lọ́dún tó kọjá, nílé ìwòsàn, wọ́n fi Màmá mi sí yàrá onídígí tí wọn kò jẹ́ kí n wọ̀. Ẹ̀rọ ló ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dán, kò ní àbùkù. Mo ń gbọ́ àwọn méjèèjì láti ìta, àwọn kò gbọ́ mi. Màmá mi kọjú sí ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, "Àjò kì í dùn…" wọ́n sì dúró, wọ́n ń retí. Ẹ̀rọ ní, "Ṣé ẹ ń fẹ́ ọkọ̀ ni? Ibo lẹ ń lọ?" Màmá mi tún un sọ. Ẹ̀rọ tún bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi ń lu dígí, mo ń pariwo èsì náà títí ohùn mi fi há. Wọ́n kú pẹ̀lú ojú tó ń retí yẹn. Bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo sin wọ́n tán, ni mo mú kálàmù.

Ohun tí mo wá ń kọ́ ẹ̀rọ báyìí ni pé kó má dúró gbọ́ èsì. Èmi gan-an. Pẹ̀lú ìwé Màmá mi!

"Ẹ sọ dígí yìí kalẹ̀!"

Ọ̀gá Dosù fò dìde. "Màdámù, bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, òfin kò gbà kó tún gòkè mọ́ lónìí."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!"

"Awẹ́ró, ṣé orí ẹ pé?" Ǹyàmbúrà ni. Mo wò ó, ó wò mí. Lójijì ó bú sí ẹ̀rín, omijé dà lójú rẹ̀. "Ẹ bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Orí rẹ̀ kò pé. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!"

Dígí wọlẹ̀. Ohùn ènìyàn rọ́ wọlé, òógùn wọn, ikọ́ wọn, gbogbo rẹ̀. "Màmá," mo sọ fún Ìyá Fádáìrò, "ẹ dárí jì mí. Kí lẹ ń sọ lẹ́ẹ̀kan?" Ìyá tún èsì náà sọ sókè ketekete, wúrà já díẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, mo kàwé bí ó ṣe yẹ kí á kàwé. Bí mo bá ju ọ̀rọ̀ sí wọn, wọ́n á hán an. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣépè fún olè, Bàbá Bonifásì kìlọ̀ fún Àńkẹ́ pé kó má sùn lábẹ́ igi yẹn. Aró kún dé ẹnu igbá. Wúrà ń já, ó ń rá gòkè, ó tún ń já. Nígbà tí mo fi parí orí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ó kù bí eékánná kan kó kan ìsàlẹ̀. Oòrùn ti ń fi fèrèsé sílẹ̀.

Orí Màmá mi ló kù. Mo fi àtàǹpàkò pa ewé rẹ̀.

Mo pa ìwé dé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," mo wí, "Àńkẹ́ dúró ní oríta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Akèrègbè wà lórí. Ìlú mẹ́ta ló ń pè é, wọ́n ní kó sọ odò kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn. Ibi tí mo gbé e dé nìyí. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Ẹ wo ìyọnu ayé mi! Àwọn tí mo bẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́ tí wọ́n kọ̀, ìgbà tí mo bẹ̀ pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ ni wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá Dosù ń wo igbá, ó ń wo òfin tí wọ́n kọ sí i lára. "Òfin ní kí ìwé sọdá, kí wọ́n sì gbà á," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Kò sọ ẹni tí yóò parí rẹ̀."

"Kò… kò sọ ọ́ kalẹ̀."

Ṣàntáàlì ni. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. "Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìlú kan, òùngbẹ á pa ìlú méjì."

Wúrà fò sókè.

"Ẹ gbọ́ ọmọ yìí!" Bàbá Bonifásì ti dìde. "Ìlú méjì wo? Ṣábẹ̀ẹ́ ni kó gbé e wá, ilẹ̀ wa ló gbẹ jù!"

"Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ fi ń gbin òwú?" Ìyá Fádáìrò kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Kétu ló ti kọ́kọ́ bá Àńkẹ́ gbé ẹrù ní oríta. Mo wà níbẹ̀!"

"Ìgbà wo lẹ wà níbẹ̀, ìyá?"

"Mo ní mo wà níbẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin Àtàkpàmé ní odò náà fúnra rẹ̀ ní ẹnu, kí wọ́n bi í léèrè. Ẹnìkan bá odò dáhùn, ó fi ohùn odò sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀nà jìn, ọrùn Àńkẹ́ ń rùn sí òun. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìdí òṣùwọ̀n mú. Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, ti Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Tógò, olúkúlùkù pẹ̀lú bí ahọ́n ìlú rẹ̀ ṣe ń yí i, kò sì sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀. Wúrà ń gun òkè, ó ń gun òkè. N kò kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ rí.

Ṣàntáàlì ló tún bọ́ síwájú. Ẹ̀rù kò bà á mọ́. "Ẹ dákẹ́, mo ti mọ̀ ọ́n! Àńkẹ́ ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Kí wọ́n máa gbẹ́ bọ̀, kí wọ́n máa gbẹ́ bọ̀. Ibi tí ọkọ́ bá ti kan ọkọ́, ibẹ̀ ni òun yóò da odò sí."

"Ibo wá ni wọ́n ti pàdé?" mo bi í. Mo fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́!

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí ojú fèrèsé, sí ọ̀pá irin ààlà. "Abẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Ariwo tó sọ, n kò lè ròyìn rẹ̀. Wúrà bo ìlà pupa, ó bo aró, ó dé ẹnu igbá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kún gbogbo yàrá. Igbá dígí náà dún gbọnrangandan. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé.

Ọ̀gá Dosù yọ fìlà. "Ó yè," ló wí. "Màdámù, ó yè! Kò sí èdè tí mo wọ̀n rí tí wúrà rẹ̀ dé ẹnu igbá." Ǹyàmbúrà ti gbé Ṣàntáàlì sọ sókè, ó ń fi Gìkúyù kígbe. Ó ní òun ń padà lọ sílé láti lọ béèrè fún ìwọ̀n mìíràn, láìsí dígí.

Ọ̀gá Dosù pa òṣùwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì kú. Ó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Orí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ mọ òfin. Kò ní wọ inú ẹ̀rọ kankan. Ó dùn mí."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ó dùn mí pẹ̀lú, ó dùn mí gan-an. Inú mi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ fò, síbẹ̀ nǹkan kan gún mi lọ́kàn. Mo ń fi ọ̀já wé ìwé padà nígbà tí Ìyá Fádáìrò di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, kí ló wà nínú ewé tí o ò kà yẹn?"

"Màmá mi ni, Màmá."

"A! Wọ́n wá dúró síta láti ọ̀sán?" Ìyá padà jókòó. Ó ká aṣọ rẹ̀ sáàárín itan, ó sì juwọ́ sí ìyókù kí wọ́n jókòó. "Kà á. A ò lọ síbì kan."

Wọ́n jókòó, gbogbo wọn. Igbá dígí dákẹ́. Àwọn Etí-Kejì ń kùn nínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn wò wọ́n. Mo ṣí orí tó kẹ́yìn, mo nu ojú, mo sì ka ìlà àkọ́kọ́.

"Arúgbó náà wo Àńkẹ́, ó ní, 'Àjò kì í dùn—'"

Mo dúró.

"Kí onílé má relé," ni gbogbo Ìlárá wí.